Dáyódù Mẹ́ta Nínú Àpótí Dúdú

Ohùn Alhaja ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí òun fúnra rẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ẹnu géètì, ó fi ọwọ́ kan di ìborùn mú nítorí atẹ́gùn òkun, ó ń pariwo láti òkèèrè: "Agent! Ta ló ní mo ra jẹnẹrétọ̀? Jẹnẹrétọ̀ wo ni kì í hó, tí kì í mu epo?" Àwọn alábàárù tó ń já ẹrù bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi kọ jẹnẹrétọ̀ sínú ìwé. Agent ni mí ní wáàfù, èmi ni mo máa ń bá àwọn oníṣòwò yanjú ẹrù wọn lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ọdún 2018 ni. Kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40 kan ni, láti Ṣáínà, pánẹ́ẹ̀lì sólà ló kún inú rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Alhaja ń ta wáyà, bátìrì àti ìnfátà ní Alábà. Ó ti ń gbé iṣẹ́ fún ọ̀gá mi láti ìgbà tí mo ṣì ń sáré kiri wáàfù pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Nígbà tí ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó fà mí lé e lọ́wọ́. Bí ọmọ ló ṣe mú mi. "Ọmọ mi" ló máa ń pè mí. Ọjọ́ tí inú bá bí i nìkan ni mo máa ń di Agent.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ títí. Ẹni tó ta ọjà fún un fẹ́ kí ọjà òun dún dáadáa létí, ó wá kọ "solar generator" sórí ínfọ́ìsì. Mo rí i, mo dà á kọ bó ṣe wà, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń yọjú wo ìwé ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ nínú ìdánwò. N kò ní kí wọ́n ya fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí mi. N kò béèrè ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é. Mo wá fi kóòdù pánẹ́ẹ̀lì, èyí tí kì í sanwó bodè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yẹn. Orúkọ ń sọ ọ̀kan, nọ́ńbà ń sọ òmíràn. Ẹrù bẹ́ẹ̀ kì í kọjá láìjẹ́ pé wọ́n ní kí á já a sílẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá dé wáàfù rí: kò sí ọjà tó ń ti òkè òkun wọlé tí kò ní nọ́ńbà. HS code ni orúkọ rẹ̀, àmọ́ kóòdù lásán ni àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ náà ń pè é. Brussels ni wọ́n ti ṣe àdéhùn rẹ̀ ní 1983, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1988. Nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ láti Èkó dé Tokyo. Èyí tó bá lé, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń fi tirẹ̀ kún un. Tiwa jẹ́ 10 lápapọ̀. Bí àdírẹ́sì ni mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́: méjì àkọ́kọ́ ni agboolé, méjì tó tẹ̀lé e ni ojúlé, méjì kẹta ni yàrá. Agboolé 85 ni ọ̀pọ̀ nǹkan oníná ń gbé. Ojúlé 17 níbẹ̀ ni ti fóònù. Ojúlé 42 ni ti ṣíìpù inú kọ̀ǹpútà. Ojúlé 41 ni ti dáyódù (ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí iná gbà ju ọ̀nà kan lọ), ti transístọ̀, àti ti sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ oòrùn di iná. Ojúlé 01, tó wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, ni ti àwọn ẹ̀rọ tí iná ń yí àti ti jẹnẹrétọ̀.

Ilé tí ọjà bá wọ̀ ni yóò sọ iye tí olówó rẹ̀ máa san. Ìwé owó bodè ECOWAS tí Nàìjíríà ń lò ní àkàsọ̀ 5: òdo, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti òdo bọ́ sí 5 lè dà bí eré létí ẹni tó ń ra pánẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan sórí òrùlé. Ẹ gbé e ka kọ̀ǹténà ẹsẹ̀ bàtà 40 wò.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Òfin kìíní nínú òfin 6 tí wọ́n fi ń túmọ̀ kóòdù yí òwe yẹn padà. Ó ní àkọlé orí kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo pè ní agboolé, kò lágbára kankan lábẹ́ òfin, kí èèyàn lè tètè rí ohun tó ń wá ni wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára ojúlé náà gan-an, pẹ̀lú àwọn àkíyèsí tó ṣíwájú orí, ni kí ẹ tẹ̀lé. Ọmọ ni wọ́n ní kí á wò, kí á fi ilé sílẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ tí oníṣòwò fún un lójú páálí kò tilẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù tó wá yẹ ẹrù wò lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ kò le. Wọ́n gbé pánẹ́ẹ̀lì kan ti ògiri fún un, ó dán gbinrin lójú oòrùn. Kò wo iwájú yẹn. Ó ní kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ní ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, níbi tí wáyà méjì ti yọ jáde, àpótí dúdú kan wà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ti ẹnu sùkùrùdiráfà bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdérí ta sílẹ̀. Dáyódù mẹ́ta ló tò síbẹ̀, dúdú bí ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò, ẹsẹ̀ fàdákà méjì méjì lára wọn, ojú ibi tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó wọn mọ́ ṣì ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ rí nǹkan yìí?"

Mo rí i. N kò mọ ohun tí mo rí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó jókòó ka ìwé àlàyé tó ń bá kóòdù rìn. Ó ní sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ oòrùn di iná, ì báà jẹ́ pé wọ́n ti so ó pọ̀ di pánẹ́ẹ̀lì, 8541 ni ilé rẹ̀. Àmọ́ bí pánẹ́ẹ̀lì bá ní ohun kan lára, bó ti wù kó kéré mọ, tó mú kó lè gbé iná lọ tààrà fún ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, ó ti kúrò ní 8541, ó ti di 8501. Jẹnẹrétọ̀. Àpẹẹrẹ tí wọ́n sì fún wa nípa ohun kékeré yẹn ni dáyódù tó ń darí ibi tí iná ń kọrí sí. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Dáyódù wo ni kì í darí iná? Iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a fún nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé dáyódù ju dáyódù lọ. Pánẹ́ẹ̀lì tó ní sẹ́ẹ̀lì 60, ogún ogún ni wọ́n máa ń tò ó lọ́nà mẹ́ta, dáyódù kan á sì máa ṣọ́ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí òjìji igi máńgòrò bá ṣíji bo apá kan, iná tó ń ti ọ̀dọ̀ àwọn yòókù bọ̀ kò ní rí ibẹ̀ kọjá geere. Ibẹ̀ á máa gbóná, á gbóná títí á fi jó. Dáyódù yìí ló ń ṣí ẹ̀bùrú fún iná, bí onídáńfó tó rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níwájú tó yà gba àdúgbò. Irú kejì wà, èyí tí wọ́n ń fi dí ọ̀nà kí iná inú bátìrì má baà sá padà sínú pánẹ́ẹ̀lì lóru. Tìyẹn súnmọ́ ohun tí ìwé àlàyé ń sọ. Àwọn mẹ́ta inú àpótí Alhaja, ti ẹ̀bùrú ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀ ọ́n nípa wíwò? Bákan náà ni àwọ̀ wọn, bákan náà ni ẹsẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi nìkan lọ́dún yẹn. Pánẹ́ẹ̀lì tí a ti mọ̀ mọ́ òdo bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sí 8501 nítorí dáyódù: 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó bodè, VAT 5 mìíràn lórí rẹ̀ (VAT kò tíì di 7.5 nígbà náà). Àwọn oníṣẹ́ sólà ké gbàjarè nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ní ẹnu ni ìjọba fi ń sọ pé ká lo oòrùn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gba owó rẹ̀. Èmi ò sí lára àwọn tó gbà pé ẹnì kan jókòó síbì kan tó fẹ́ fi ìyà jẹ wọ́n. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ṣí àpótí yẹn, tí ìwé àlàyé wà níwájú mi, tó dárúkọ dáyódù, tó sì ní bó ti wù kó kéré mọ, ó ṣeé ṣe kí èmi náà kọ jẹnẹrétọ̀. Gbólóhùn yẹn ló fẹjú jù.

Ti Alhaja tún wá burú sí i, nítorí àwọn yòókù rí ẹnu jiyàn, èmi ti fi ọwọ́ ara mi kọ generator. Ọjọ́ 11 ni kọ̀ǹténà náà tún fi sùn sí wáàfù, dẹ̀múréèjì, owó tí wọ́n ń gbà bí ẹrù bá pẹ́ jù, ń gun ara wọn lórí. Alhaja sanwó náà. Mo kó owó iṣẹ́ mi padà fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kà á, ó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nawọ́ sí mi. "Fi wọ mọ́tò, Agent." Oṣù mẹ́rin kọjá kó tó tún pè mí.

Nígbà tí ẹ̀dà tuntun kóòdù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, agboolé 85 ni mo kọ́kọ́ ṣí. Wọ́n ti la yàrá. Sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò tíì so pọ̀ ti gba 8541.42, èyí tí wọ́n ti so di pánẹ́ẹ̀lì gba 8541.43. Ní ìhà kejì, jẹnẹrétọ̀ olóòrùn náà ti ní yàrá tirẹ̀: 8501.71 fún èyí tí kò ju wáàtì 50 lọ, 8501.72 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀, 8501.80 fún èyí tó ń mú iná AC (irú iná NEPA) jáde, irú pánẹ́ẹ̀lì tó pọn ìnfátà kékeré sẹ́yìn. Àríyànjiyàn kò tán, àmọ́ olúkúlùkù ti mọ ilẹ̀kùn tó fẹ́ kàn.

Àárín 42 àti 43 yẹn ni mo máa ń ronú lé lórí jù láti ìgbà náà. Nọ́ńbà kan péré ló wà níbẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló kún inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju káàdì ATM lọ, bí o bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kò ní tẹ̀, fífọ́ ló máa fọ́. Wọ́n á fi okùn bàbà pẹlẹbẹ so ọ̀kan mọ́ ìkejì, iwájú èyí mọ́ ẹ̀yìn tọ̀hún, títí ìlà á fi kún. Wọ́n á tẹ́ gíláàsì, wọ́n á tẹ́ ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní EVA, wọ́n á tẹ́ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á tún tẹ́ ọ̀rá, wọ́n á fi awọ ẹ̀yìn bò ó, gbogbo rẹ̀ á wọ inú ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ tó sì ń yan án ní nǹkan bí ìwọ̀n 150 lórí Celsius. Ó jáde, ó ti di ẹyọ kan. Férémù, àpótí dúdú, dáyódù. Ibi tí wọ́n ti ṣe gbogbo èyí ni orílẹ̀-èdè ńláńlá ń bá ara wọn fà.

Ẹ wo Amẹ́ríkà. Ní 2012 wọ́n gbé owó ìjẹniníyà lé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n bí sẹ́ẹ̀lì sí ni ìlú rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti so ó di pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn ilé-iṣẹ́ yí i padà: wọ́n ra sẹ́ẹ̀lì Taiwan, wọ́n so ó pọ̀ ní Ṣáínà, òfin kò sì ká wọn mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015 òfin kejì jáde láti dí ihò yẹn. Iṣẹ́ bá ṣí lọ sí Malaysia, Vietnam, Thailand àti Cambodia. Ní 2022 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn mẹ́rin yìí, Ààrẹ Biden sì yọ̀ǹda ọdún méjì tí kò ní sí owó àfikún, èyí tó parí ní oṣù kẹfà 2024. Ẹyẹ ń fò, ọdẹ ń yí ìbọn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé òfin Amẹ́ríkà kan náà ló ti gba irú ìrìn àjò yìí láàyè tipẹ́. Nínú ìwé owó bodè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 1963, ìlà kan wà tó ń jẹ́ 807. Bí ohun èlò bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé e lọ sókè òkun lọ so pọ̀, tó wá padà wálé, wọ́n á yọ iye owó ohun èlò Amẹ́ríkà inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó bodè. Ọdún yẹn gan-an ni Fairchild, tó ń ṣe transístọ̀ ní California, ṣí ilé ìsopọ̀ sí Hong Kong. N kò ní nítorí ìlà kan ni wọ́n ṣe lọ o. Owó iṣẹ́ tó kéré níbẹ̀ ló ń fà wọ́n. Àmọ́ ìlà yẹn kò jẹ́ kí bodè dí wọn lọ́nà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ó ṣì wà dòní, 9802.00.80 ló ń jẹ́ báyìí.

Tiwa ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá ọ̀rẹ́ mi kan wá bá mi, ó fẹ́ máa so pánẹ́ẹ̀lì pọ̀ ní Ọ̀tà. Ó ti rí ilé, ó ti mọ ẹni tó máa ta ẹ̀rọ fún un. Ó kó ìwé ohun èlò sílẹ̀ níwájú mi, mo mú gègé. Sẹ́ẹ̀lì, 8541. Gíláàsì tó le, agboolé 70. Ọ̀rá EVA àti awọ ẹ̀yìn, agboolé 39, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rá àti ike. Férémù alumíníọ́mù, 76. Okùn bàbà, 74. Àpótí dúdú, ó padà sí 85 àmọ́ ojúlé 36. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí. Pánẹ́ẹ̀lì tó ti jinná ń wọlé ní òdo, àmọ́ gíláàsì, ọ̀rá àti férémù tí wọ́n fi ṣe é, àyàfi tó bá rí ìyọ̀ǹda ìjọba gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àkàsọ̀ tirẹ̀, kò sì sí òdo láàárín wọn. Lójú ìwé owó bodè, ó dín owó kí ọmọ Ṣáínà bá ọ so ó ju kí ọmọ Ọ̀tà so ó lọ.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Bí mo bá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan ńkọ́? Ṣebí ẹ ní òfin kan wà tó ní ọjà tí wọ́n tú palẹ̀, odidi ni."

Òfin náà wà, ìkejì nínú òfin 6 tí wọ́n fi ń túmọ̀ kóòdù ni, apá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwa agent mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, nítorí òun ni wọ́n fi ń mú ẹni tó bá tú fóònù sí wẹ́wẹ́ kó lè san owó bodè ohun èlò dípò ti fóònù. Ewúrẹ́ tí a kun sínú abọ́, ewúrẹ́ ṣì ni. Èmi kò tíì rí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n fi òfin yẹn mú òun rí títí di ọjọ́ yẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ kò ní ṣiṣẹ́ fún un, mo sì sọ fún un. Ìtòpọ̀ ni òfin yẹn ń sọ, kí èèyàn de bóòtù tàbí kó fi lẹ́ẹ̀dì jó o. Ọ̀rá EVA tó wọ inú ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rá tó ń jáde mọ́, ooru ti yí i padà. Sísè nìyẹn. Ẹ̀wà, epo àti ata tí wọ́n di sínú ọ̀rá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ta ló máa kà á sí mọ́ín-mọ́ín?

Nígbà tí mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sọ ní 2025 pé ìjọba ń gbèrò láti dá kíkó pánẹ́ẹ̀lì wọlé dúró kí ti ilé lè rọ́wọ́ mú, tó sì tọ́ka sí èyí tí NASENI, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, ń so pọ̀, ọ̀rẹ́ mi yìí ló fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi, ó fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Mo fèsì pé kí inú rẹ̀ má tíì dùn. Pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́, kò sẹ́ni tó dárúkọ gíláàsì. Èrò tèmi ni pé kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn agboolé 85, kí wọ́n kọ́kọ́ wọ 39, 70 àti 76 lọ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò tíì ṣí ilé-iṣẹ́. Ó ń kó pánẹ́ẹ̀lì wọlé, èmi ni mo ń bá a yanjú ẹrù rẹ̀.

Alhaja ti darí jì mí, kò sì fi ẹnu sọ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, fóònù mi dún kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Fọ́tò mẹ́rin ni. Fáànù kan ni, èyí tó ní iná, rédíò àti pánẹ́ẹ̀lì kékeré nínú páálí kan náà. Ẹnì kan ló gbé e wá bá a bí àpẹẹrẹ ọjà. Rédíò ni wọ́n kọ gàdàgbà sójú páálí. Fọ́tò kẹta jẹ́ ti ìdí fáànù náà, tí wọ́n ti tú, wáyà pupa àti dúdú yọ síta. Ìkẹrin ni ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ìdérí àpótí dúdú ti ṣí, ìka rẹ̀ tó kun làálì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ń tọ́ka. Ó fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀lé e, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ará ilé:

"Ọmọ mi, mo ti ṣí i o. Ẹyọ kan péré ni mo rí. Mélòó ló yẹ kó wà níbẹ̀?"